Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Yọ Ohun Tí Kò Wọ́n Kúrò Lára Fóònù? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Ra Fóònù ní Abẹ́òkúta

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn oníbàárà máa ń béèrè léraléra ní àwọn ṣọ́ọ̀bù fóònù ìlú Abẹ́òkúta, láti Pánṣẹ́kẹ́ dé Òkè-Ìlèwó. A to àwọn tó rọrùn síwájú, a sì fi àwọn tó díjú sẹ́yìn.

Àwọn nǹkan wo gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé?

Ó dá lé àwọn ẹ̀yà ara fóònù tí owó wọn kò tó nǹkan nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń rà wọ́n lọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tí àìsí wọn máa ń dun oníbàárà: ihò íápíìsì onímílímítà 3.5, àyè mẹ́mọ́rì káàdì, bátìrì tí a lè fọwọ́ ara wa yọ, rédíò FM, ìtànṣán tí a fi ń darí tẹlifíṣọ̀n bíi rìmóòtù, iná kékeré tó máa ń ṣẹ́jú nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé, àti ṣájà tó máa ń wà nínú páálí tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú, ẹ fi ẹ̀yà tó ń mọ ibi tí fóònù dojú kọ kún un, pẹ̀lú èyí tó ń mọ bí fóònù ṣe ń yí, àti èyí tó ń pa ojú fóònù nígbà tí a bá gbé e sétí.

Bí nǹkan wọ̀nyí kò bá wọ́n, kí ló dé tí wọn kò kàn fi wọ́n sí i?

Ohun tó kéré lójú ẹni tó ń ra fóònù kan ṣoṣo kì í kéré lójú ẹni tó ń ṣe fóònù tí kò lóǹkà. Bí ẹ̀yà kan bá ná ilé-iṣẹ́ ní dọ́là 1 péré lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, ó ti di 100 mílíọ̀nù dọ́là lórí 100 mílíọ̀nù fóònù, kò sì sí ọ̀gá tó ń ṣírò owó tí yóò fojú fo irú iye bẹ́ẹ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, owó ẹ̀yà náà fúnra rẹ̀ ló máa ń kéré jù nínú ohun tí wọ́n ń ná lé e lórí. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àyè lórí bọ́ọ̀dù. Wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò kí fóònù tó jáde ní ilé-iṣẹ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ètò tí yóò máa darí rẹ̀, kí wọ́n sì tún un ṣe nígbàkúùgbà tí Android tuntun bá dé. Bí ó bá sì bàjẹ́ kí àkókò tí wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ fóònù náà tó pé, owó ilé-iṣẹ́ ni wọn yóò fi tún un ṣe. Bí ó bá jẹ́ ihò ni, eruku, òógùn àti omi lè gba ibẹ̀ wọlé.

Gbogbo èyí jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ èmi kò gbà pé ìnáwó nìkan ló ń pinnu ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ilé-iṣẹ́ fẹ́ mọ̀ jù ni iye àwọn tí yóò tìtorí yíyọ nǹkan kan kọ fóònù náà sílẹ̀. Bí wọn kò bá pọ̀, nǹkan náà yóò kúrò. Bí yíyọ rẹ̀ bá tún lè mú kí oníbàárà padà wá ra nǹkan mìíràn lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà, yóò tètè kúrò ju bí a ti rò lọ.

Ìgbà wo ni ihò íápíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá, kí sì ni ó fà á?

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016 ni Apple gbé iPhone 7 jáde láìsí ihò íápíìsì, àríwo sì ta káàkiri ayé. Apple kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é, nítorí Motorola ti yọ ọ́ kúrò lára Moto Z ní ọdún yẹn kan náà, ṣùgbọ́n Apple ni ó sọ ọ́ di àṣà. Àlàyé wọn ni pé ihò náà ń gba àyè tí wọ́n lè lò fún kámẹ́rà, bátìrì àti àwọn ẹ̀yà mìíràn, àti pé ayé ti ń kúrò lórí wáyà.

Bí ẹ bá wo inú fóònù tí ẹnjiníà tú sílẹ̀ lórí tábìlì, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ àyè kì í ṣe irọ́. Ẹnu íápíìsì gùn tó nǹkan bíi mílímítà 14, nítorí náà ihò tí yóò gbà á gbọ́dọ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀. Àpótí ihò náà yóò wá na gbọọrọ sí ìsàlẹ̀ fóònù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ṣájà àti sípíkà, níbi tí ohun gbogbo ti fún pọ̀ mọ́ra. Bọ́ọ̀dù ní láti yà fún un, bátìrì náà sì ní láti kúrú díẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e. Níbi ìpàtẹ kan náà tí wọ́n ti fi iPhone 7 hàn ni wọ́n ti fi AirPods hàn, íápíìsì aláìníwáyà tí wọ́n ń tà ní dọ́là 159. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi wáyà kékeré kan sínú páálí kí ẹni tó ní íápíìsì àtijọ́ lè fi so ó mọ́ fóònù. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, wọn kò fi í sí i mọ́, dọ́là 9 ni wọ́n sì ń tà á. Ẹ̀yà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lọ, ọjà tuntun kan sì wọlé dípò rẹ̀.

Àwọn yòókù kò pẹ́ tẹ̀ lé wọn. Google yọ ọ́ kúrò lára Pixel 2 ní ọdún 2017. Samsung, tó ti fi Apple ṣe ẹlẹ́yà nínú ìpolówó rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, yọ ọ́ kúrò lára Galaxy Note 10 ní ọdún 2019, ó sì kó àwọn ìpolówó náà kúrò nílẹ̀.

Ṣé nítorí kí omi má baà wọ inú fóònù ni wọ́n ṣe yọ ọ́?

Ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Galaxy S5 ti ọdún 2014 ní ihò íápíìsì, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé ṣí, bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, síbẹ̀ ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà 1 fún ìṣẹ́jú 30. Galaxy S7 ti ọdún 2016 ní ihò íápíìsì àti àyè mẹ́mọ́rì káàdì, omi kò sì tètè ràn án. Fífi rọ́bà dí ihò náà ṣeé ṣe. Ó kàn jẹ́ pé àìsí ihò rọrùn láti dí ju ihò lọ.

Àyè mẹ́mọ́rì káàdì ńkọ́?

Àwọn ilé-iṣẹ́ sọ pé mẹ́mọ́rì káàdì máa ń falẹ̀ ju ibi ìpamọ́ inú fóònù lọ, àti pé ayédèrú rẹ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọn kò parọ́. Ẹni tó bá ti ra káàdì tí wọ́n kọ gígábáìtì 128 sí lára, tí fọ́tò àti fídíò ìgbéyàwó tó kó sínú rẹ̀ kò ṣeé ṣí mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mọ ohun tí mo ń sọ. Irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ kì í bínú sí ẹni tó ta káàdì fún un. Fóònù ni ó máa ń bú.

Bẹ́ẹ̀, owó ni ìdí tó lágbára jù níhìn-ín. Nígbà tí iPhone 15 jáde ní ọdún 2023, dọ́là 799 ni onígígábáìtì 128, onígígábáìtì 256 sì jẹ́ dọ́là 899. Fóònù kan náà ni, kámẹ́rà kan náà ni, ojú kan náà ni. Dọ́là 100 ni wọ́n gbà lórí gígábáìtì 128 tó lé, nígbà tó jẹ́ pé ojúlówó mẹ́mọ́rì káàdì tó gba iye kan náà kò súnmọ́ owó yẹn rárá. Bí àyè káàdì bá wà, ta ni yóò san án?

Samsung dán oníbàárà wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó yọ àyè náà kúrò lára Galaxy S6 ní ọdún 2015, àwọn ènìyàn fi ẹ̀hónú hàn, ó dá a padà sára S7. Nígbà tó tún yọ ọ́ kúrò lára S21 ní oṣù kìíní ọdún 2021, kò dá a padà mọ́. Lára ọ̀pọ̀ fóònù Galaxy A tí owó wọn kéré, àyè náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá: Apple fúnni ní gígábáìtì 5 lọ́fẹ̀ẹ́, Google fúnni ní 15, lẹ́yìn èyí owó oṣooṣù ni. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a tún máa ra dátà tí yóò gbé fọ́tò náà lọ síbẹ̀, a ó sì tún ra òmíràn nígbà tí a bá fẹ́ wò ó.

Kí ló dé tí a kò lè yọ bátìrì mọ́?

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n yọ, èyí ni ìdí rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Bátìrì tí ọwọ́ ènìyàn yóò máa kàn gbọ́dọ̀ wà nínú akóro líle kí ó má baà gún tàbí kí ó tẹ̀, akóro náà àti ìdérí ẹ̀yìn sì ń jẹ àyè. Bátìrì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú fóònù rọ̀, ó lè tóbi sí i, wọ́n sì lè gé e bí ó bá ṣe bá àyè mu; ti iPhone X rí bíi lẹ́tà L. Nítorí náà ni fóònù fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó, tó sì tún ń pẹ́ kí iná inú rẹ̀ tó tán.

Àwa la mọ ohun tí ó ná wa. Nígbà tí bátìrì BL-5C Nokia wà lóde, bí iná bá lọ, a ó yọ bátìrì, a ó fi èyí tó kún sí i, a ó sì ki èyí tó tán sínú ṣájà kékeré tó máa ń gbá bátìrì nìkan mú. Lónìí, bí bátìrì bá ti rẹ̀, ẹnjiníà ni yóò fi ooru yọ́ gúlúù ẹ̀yìn fóònù, tí yóò fi ike pẹlẹbẹ là á díẹ̀díẹ̀, tí yóò sì máa gbàdúrà kí gíláàsì má fọ́. Gúlúù tó ń dí omi kì í sábà rí bíi ti ilé-iṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn náà. Nítorí náà, fóònù tí wọ́n ti tú rí, bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sí i pé omi kò ràn án, ẹ má gbé e súnmọ́ omi.

Ohun tí mo kọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi gúlúù tó pọ̀ jù lẹ bátìrì. A lè ṣe bátìrì inú fóònù kí ó rọrùn láti pààrọ̀ láìsọ fóònù di gbàgìdì: bí wọ́n bá fi ìtẹ́lẹ̀ tó ṣeé fà yọ lẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ ẹnjiníà yóò dín kù gidigidi. Àwọn orílẹ̀-èdè European Union ti fi òfin dè é: láti ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 2027, bátìrì inú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àgbéléwọ́ gbọ́dọ̀ ṣeé yọ fún ẹni tó ni ín, pẹ̀lú àwọn àyọsílẹ̀ kan.

Kí ló dé tí ṣájà kò sí nínú páálí mọ́?

Apple bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú iPhone 12 ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Samsung sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú S21 ní oṣù kìíní ọdún 2021. Wọ́n ní ṣájà ti pọ̀ nílé oníkálùkù, pé páálí kékeré yóò dín èéfín tí ọkọ̀ ń tú síta kù, àti pé páálí tó lè wọ inú ẹrù kan yóò fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àlàyé yìí mọ́gbọ́n wá fún ẹni tó ní ojúlówó ṣájà nílé. Kò mọ́gbọ́n wá fún ẹni tó ń ra fóònù onítáíìpù C àkọ́kọ́ rẹ̀, tí yóò sì lọ ra ṣájà ojú títì tí kò mọ ẹni tó ṣe é. Owó fóònù náà kò sì dín kù.

Ìjọba Brazil kò gba àlàyé náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ wọn dá títa iPhone tí kò ní ṣájà dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé Apple tó lé ní mílíọ̀nù 12 owó reais.

Fóònù mi ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń gbé bulúútùù, kí ló dé tí kò lè gbé rédíò?

Èyí ló máa ń dùn mí jù, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ̀yà tó ń gbé bulúútùù ti ní agbára rédíò FM nínú tẹ́lẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ni kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ohun tó kù kí rédíò náà tó ṣiṣẹ́ ni ọ̀nà tí yóò fi gba ìgbì afẹ́fẹ́, wáyà íápíìsì ni ó sì máa ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi máa ń sọ pé kí ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó lè gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí ihò íápíìsì kúrò, rédíò bá a lọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, lẹ́yìn tí ìjì líle ba àwọn òpó fóònù jẹ́ ní Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù rẹ̀, Ajit Pai, alága àjọ tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ níbẹ̀, rọ Apple kí ó tan rédíò inú iPhone nítorí ẹ̀mí àwọn ènìyàn. Èsì Apple ni pé iPhone 7 àti 8 kò ní ẹ̀yà FM, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí yóò gba ìgbì fún un, nítorí náà kò sí ohun tí a lè tàn.

Ẹni tó wà ní Abẹ́òkúta lè fi fóònù onírédíò gbọ́ OGBC, Paramount FM tàbí Rockcity FM láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìná kọ́bọ̀ lórí dátà, kódà nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kò ní rédíò yóò fi dátà gbọ́ ètò kan náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ẹni tó jèrè nínú rédíò ọ̀fẹ́ àyàfi olùgbọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi ní alágbàwí nínú ilé-iṣẹ́ fóònù. Àwọn tó ń ta orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní alágbàwí, àwọn tó ń ta dátà náà ní.

Ìtànṣán tí a fi ń darí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́?

Samsung ní in lára S4, S5 àti S6, ó sì yọ ọ́ láti orí S7 ní ọdún 2016. Xiaomi kò fi í sílẹ̀, Infinix náà sì ń fi í sára àwọn kan nínú fóònù rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan rárá. Àwọn tó yọ ọ́ gbà pé ènìyàn díẹ̀ ló ń lò ó. Bí rìmóòtù yín bá máa ń sọnù, ẹ wá fóònù tó ní in.

Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lójú fóònù ńkọ́?

Ojú fóònù ti gba gbogbo iwájú, kò sí ibi tí iná náà yóò jókòó sí mọ́.

Kí ló dé tí fóònù olówó kékeré fi ní àwọn ohun tí fóònù olówó ńlá kò ní?

Nítorí pé oníbàárà wọn yàtọ̀. Tecno, itel àti Infinix jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Transsion ní ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, ilẹ̀ Áfíríkà sì ni wọ́n ti kọ́kọ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé a máa ń lo síímù méjì, pé dátà wọ́n, pé iná kì í dúró, pé íápíìsì onáwáyà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lè rà. Bí Tecno bá yọ ihò íápíìsì kúrò lára fóònù olówó pọ́ọ́kú, oníbàárà yóò mú itel tàbí Redmi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú gíláàsì kan náà. Ẹni tó ń lo iPhone kò lè fi ìrọ̀rùn ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ohun gbogbo tó ní ti so mọ́ ibẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé wọn kì í yọ nǹkan. Ibi tí oníbàárà kì í yẹ̀ wò ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Bí fóònù kò bá ní ẹ̀yà tó ń mọ ibi tó dojú kọ, àmì búlúù orí Google Maps kò ní lè tọ́ka ibi tí ẹ kọjú sí, ẹ ó sì máa rìn síwá sẹ́yìn nínú àwọn ọ̀nà tóóró Ìtòkú kí ẹ tó mọ èyí tí ó yẹ kí ẹ yà sí. Àwọn kan kò fi ojúlówó ẹ̀yà tó ń pa ojú fóònù sí i. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń méfò bóyá fóònù ti wà létí. Bí ó bá méfò ṣì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín yóò tẹ bọ́tìnì, ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ kò sì ní gbọ́ ohùn yín mọ́. Àwọn ìyọkúrò yìí burú ju ti ihò íápíìsì lọ lójú tèmi, nítorí pé kò sí ẹni tó máa sọ fún yín.

Ṣé wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín fóònù kékeré kù kí a lè sáré lọ ra ńlá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ọgbọ́n náà sì ti pẹ́ ju fóònù lọ. Ní ọdún 1849, ẹnjiníà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Jules Dupuit kíyè sí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan kì í ṣe òrùlé sórí ọkọ̀ àwọn tálákà. Ó ṣàlàyé pé owó òrùlé kọ́ ni wọ́n ń ṣọ́. Ẹni tó lè san owó ipò kejì ni wọn kò fẹ́ kó bá àwọn tálákà jókòó, òjò àti òtútù ni wọ́n sì fi ń lé e. Ìyà tó jẹ tálákà kò mú èrè kankan wá fúnra rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó láti ìta ni wọ́n fi ń dẹ́rù bà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Ládẹ̀rín mọ̀ pé irú ìpín yìí kò tíì parẹ́: ìjókòó yàtọ̀, owó yàtọ̀, ẹ̀rọ kan náà ló ń fa gbogbo wọn, ìgbà kan náà ni gbogbo wọn sì ń dé.

Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ṣe é láìfi bò. Ní ọdún 1991, Intel gbé 486SX, ẹ̀rọ tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, jáde ní owó tó dín. Ẹ̀rọ 486DX kan náà ni ní ìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n pa apá tó ń yanjú ìṣirò líle nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n wá ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ fi apá náà kún tirẹ̀ jẹ́ odindi 486DX, tó máa pa ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bí ó bá ti wọlé.

Ní ti fóònù, ẹ wo ẹnu ṣájà iPhone 15. Ìrísí táíìpù C ti gbogbo wọn kò yàtọ̀, ṣùgbọ́n ti iPhone 15 lásán ń gbé fáìlì ní ìwọ̀n mẹ́gábíìtì 480 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti iPhone 15 Pro sì lè gbé gígábíìtì 10. Ó tó ìlọ́po 20. Kí a má ṣe àbòsí, ọpọlọ tó wà nínú iPhone 15 lásán jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú, kò sì ní ẹ̀yà tó ń gbé fáìlì yára. Ṣùgbọ́n ta ni ó yan ọpọlọ náà fún un?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá yíyọ nǹkan kan jẹ́ ti àyè tàbí ti ọgbọ́n yìí, ẹ wo fóònù tó wọ́n jù lọ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Bí nǹkan náà kò bá sí lára èyí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyè tàbí àṣà, tàbí kí wọ́n fẹ́ ta nǹkan mìíràn dípò rẹ̀. Bí ó bá wà lára tọ̀wọ́n, tí kò sí lára èyí tó tẹ̀ lé e, ìpín ipò kìíní àti ipò kejì ni.

Bí gbogbo wa bá fẹ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ kan kò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kó sì gba ọjà?

Àwọn kan gbìyànjú rẹ̀. Sony dá ihò íápíìsì padà sára Xperia 1 II ní ọdún 2020, pẹ̀lú àyè mẹ́mọ́rì káàdì, láìjẹ́ kí omi ràn án. Samsung fúnra rẹ̀ ṣe Galaxy XCover6 Pro ní ọdún 2022: bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ, ó ní ihò íápíìsì, ó ní àyè káàdì, omi kò sì ràn án. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ àti ti ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún. LG kò yọ ihò íápíìsì kúrò lára ọ̀pọ̀ fóònù ńlá rẹ̀, ó tilẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń tún ohùn ṣe sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ó kéde pé òun fi iṣẹ́ fóònù sílẹ̀. Ìdí mìíràn pọ̀ tí LG fi kùnà, ṣùgbọ́n ihò íápíìsì kò gbà á là.

Ìṣòro náà ni pé àwọn tó fẹ́ rédíò kì í ṣe àwọn tó fẹ́ rìmóòtù, àwọn tó fẹ́ bátìrì àyọkúrò sì tún yàtọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn bá dé ìdí gíláàsì, kámẹ́rà àti ojú fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà owó. Nílé ni wọ́n ti ń rántí ihò íápíìsì.

Ẹnjiníà tú fóònù mi, ó sì fi ibi tó ṣófo hàn mí lórí bọ́ọ̀dù. Ṣé ó lè ra ẹ̀yà náà kí ó fi òjé lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀?

Ẹ má náwó lé e. Ilé-iṣẹ́ sábà máa ń ya bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo fún oríṣiríṣi ẹ̀dà fóònù, wọn ó wá fi ẹ̀yà kan sí ti orílẹ̀-èdè kan, wọn ó sì fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo lára ti òmíràn. Ojú òjé kéékèèké tó ń dán níbẹ̀ ni ẹ rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ lẹ ẹ̀yà náà mọ́ ọn, àwọn ẹ̀yà wíńníwíńní tó yẹ kó yí i ká lè má sí níbẹ̀, ohun tó ń gba ìgbì lè má sí, ètò inú fóònù náà kò sì mọ̀ ọ́n rí.

Ibi ìpamọ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ dáadáa máa ń pààrọ̀ ti iPhone sí èyí tó tóbi. Ooru tó bá pọ̀ jù níbẹ̀ lè pa bọ́ọ̀dù, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù yóò sì lọ bí ẹ kò bá kọ́kọ́ kó o pamọ́.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí wọ́n yọ kí n tó sanwó?

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orúkọ fóònù nìkan, nítorí orúkọ kan lè ní ẹ̀dà púpọ̀. Ẹ mú íápíìsì onáwáyà àti mẹ́mọ́rì káàdì tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ sì dán wọn wò níbẹ̀. Ẹ ṣí rédíò. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ fi ọwọ́ bo òkè ojú fóònù, kí ẹ wò bóyá ojú náà yóò kú kíá. Ẹ ṣí Google Maps ní ìta, ẹ yí fóònù, ẹ wò bóyá àmì náà ń bá a yí. Lára Samsung, ẹ tẹ *#0*# níbi tí a ti ń pe nọ́ńbà. Lára ọ̀pọ̀ wọn, yóò ṣí ojú ìwé tí ẹ ti lè dán ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò. Òǹtajà tó bá kọ̀ kí ẹ ṣe gbogbo èyí ti fún yín lésì.

Mo rí iPhone 14 tòkunbọ̀ tí kò ní àyè síímù rárá. Ṣé ayédèrú ni?

Kì í ṣe ayédèrú. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà kò ní àyè síímù. Síímù orí ẹ̀rọ, tí a ń pè ní eSIM, nìkan ni ó ń lò. Àwọn tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ní àyè náà. Nítorí pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa ń ti Amẹ́ríkà wá, ẹ̀dà méjèèjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fóònù náà fún ihò abẹ́rẹ́ tí a fi ń ṣí àyè síímù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ó ṣeé lò ní Nàìjíríà. MTN àti 9mobile ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò eSIM láti ọdún 2020 pẹ̀lú àṣẹ NCC. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ mú NIN yín dání, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé nọ́ńbà yín sórí eSIM, kí ẹ sì béèrè iye tí yóò ná yín nígbàkúùgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ fóònù.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ rò dáadáa ni ọjọ́ tí ojú fóònù náà bá fọ́ tàbí tí bátìrì rẹ̀ bá kú. Ẹni tó ní síímù lásán yóò yọ ọ́, yóò ki í bọ fóònù kékeré oníná-tọ́ọ̀ṣì, bí báǹkì bá sì fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, yóò rí i gbà. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú iPhone tó ti kú yóò dúró di ìgbà tí ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣí, bí ó bá sì jẹ́ alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó lè di ọjọ́ Ajé.